Àárọ̀ Mọ́kànlá Lórí Adúmáadán

Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé ṣé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe ni. Mo mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ ẹṣin ní ìrìn ẹ̀yẹ, mo sì ti fi ẹnu yìí bú àìmọye èèyàn lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan tí èmi fúnra mi wá lọ dá.

Ìrìn ẹ̀yẹ kì í ṣe eré ìje. Kò sẹ́ni tó ń lé ẹnì kankan. Ẹṣin á wọ pápá oníyanrìn tí wọ́n to pátákó funfun yí ká, lẹ́tà kan lára pátákó kọ̀ọ̀kan. Tó bá dé lẹ́tà yìí, á dúró. Tó bá dé tọ̀hún, á sáré. Tó bá dé òmíràn, á yí bìrí, á tún máa lọ. Ẹni tó gùn ún ló ń sọ fún un, ṣùgbọ́n onídàájọ́ ò gbọdọ̀ rí i nígbà tó ń sọ ọ́. Ìdí lèèyàn fi ń sọ ọ́, àti itan, àti ìka tó di ìjánu mú. Òfin àkọ́kọ́ ní ibùso ẹṣin mi ni pé a kì í gun odindi ìdánwò náà nílé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Gun ìdajì lónìí, dà á rú lọ́la. Ìdí ni pé ẹṣin a máa há nǹkan sórí ju ọmọ iléèwé lọ. Tó bá ti mọ̀ ọ́n tán, kò ní dúró gbàṣẹ mọ́, á ti ṣe é kó o tó ní kó ṣe é. Onídàájọ́ á sì gé máàkì ẹ sọnù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń gun ẹṣin tó ń jẹ́ Adúmáadán. Ọ̀dọ̀ mi ló dàgbà sí, ó ti pé ọmọ ọdún méjìlélógún báyìí. Jẹ́jẹ́ la máa ń pè é, torí tó bá ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀, ẹni tó wà ní kíṣìnnì ò ní gbọ́. Ọdún mẹ́rin ló fi tọ́ ẹṣin yẹn, látìgbà tó ṣì ń gé èèyàn jẹ. Àmọ́ ẹṣin kì í ṣe tiwa. Màmá Apòògùn ló ni ín, obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí oògùn títà, tí kì í pariwo, tí kì í sì í yí ọ̀rọ̀ padà. Lọ́jọ́ kan ó wọ yàrá tí à ń kó gàárì sí, ó jókòó sórí àpótí, ó ní:

"Ẹnì kan fẹ́ ra Adúmáadán. Tó bá gba máàkì márùndínláàádọ́rin níbi ìdánwò tó ń bọ̀ yìí, kò lọ síbì kankan. Tí kò bá gbà á, mo máa tà á."

Jẹ́jẹ́ ní, "Ó dáa, mà," ó jáde lọ fọ ẹsẹ̀ ẹṣin. Èmi tí mo jẹ́ àgbà ni mo jókòó síbẹ̀ tí mò ń ka lẹ́tà ìdánwò lórí ìka.

Láti ọjọ́ yẹn, ara mi ò lélẹ̀ mọ́. Bí mo bá ń mu tíì, mò ń ka lẹ́tà. Bí mo bá ń fọ eyín, mò ń ka lẹ́tà. Mo rò ó pé tí wọ́n bá mú ẹṣin yẹn lọ, ọmọ yẹn á kú sára, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ni mo bá sọ fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n fojú ara mi rí i pé ó lè ṣe é. Kí Jẹ́jẹ́ tó dé ibùso láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti di gàárì, mo gun Adúmáadán, mo sì gun odindi ìdánwò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ṣe é, ó dùn mọ́ mi. Ọkàn mi balẹ̀ títí di bí aago mẹ́wàá, ni ẹ̀rù bá tún dé. Ó dà bí ara yíyún. Bẹ́ ẹ ti ń họ ọ́ ló ń dùn, bẹ́ẹ̀ ló ń di egbò. Àárọ̀ mọ́kànlá ni mo fi họ ọ́. Tí mo bá ti ṣe tán, mo máa fi aṣọ gbígbẹ nu òógùn ara ẹ̀, mo máa gbé gàárì padà sí àyè ẹ̀, bí olè.

Bàbá Koríko, tó ń pín oúnjẹ fáwọn ẹṣin, rí mi lọ́jọ́ kẹfà. Ó gbára lé fọ́ọ̀kì koríko ẹ̀, ó ní, "Olùkọ́, ṣé ẹ̀yin náà ti padà sí kíláàsì ni?"

Mo ní, "Ẹ gbájú mọ́ koríko yín, bàbá."

"Kò burú. Mo kàn rò pé ẹṣin yẹn ti fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ni."

Mo bú u. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò pa èmi lẹ́rìn-ín rárá.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, Jẹ́jẹ́ ń gùn ún, èmi dúró láàárín pápá. Ibi lẹ́tà C ló yẹ kí ẹṣin ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó ku nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta kó débẹ̀ tó fi gbéra. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó ti há a sórí. Jẹ́jẹ́ fà á dúró, ojú ẹ̀ ti yí padà.

"Àǹtí, ẹsẹ̀ mi ló kàn án tó fi gbéra. Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó kàn án."

Ẹ wá gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu àgbàlagbà. Mo ní, "Mú ẹsẹ̀ ẹ dání, jàre!"

Ó mú un dání. Ó yọ irin tí à ń tẹsẹ̀ bọ̀ kúrò lára gàárì kí itan ẹ̀ lè le, ó sì ń gùn bẹ́ẹ̀ títí itan fi bó. Ó ki aṣọ ìléwọ́ bọ àárín orúnkún òun àti gàárì: tó bá jábọ́, á jẹ́ pé ẹsẹ̀ mì. Aṣọ ò jábọ́. Adúmáadán ṣì gbéra kó tó dé C. Ó dé C lẹ́ẹ̀kejì, ó tún gbéra. Jẹ́jẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó mú aṣọ ìléwọ́ náà wá fún mi bí ẹni mú ẹ̀rí wá sí kóòtù.

"Àǹtí, kò jábọ́. Ṣé ara mi ò wá gbọ́ tèmi mọ́ ni?"

Ibi tó yẹ kí n ti sọ ọ́ nìyẹn. Ká ní mo sọ ọ́, ọjọ́ mẹ́ta tó láti da ẹṣin lọ́kàn rú kó gbàgbé. Ká ní ó mọ̀ pé inú orí ẹṣin ni wàhálà wà, kì í ṣe ẹsẹ̀ òun, á rọra mú un, ara tiẹ̀ á sì balẹ̀. Àmọ́ báwo ni mo ṣe máa wí i? Èmi tí mo lé ẹnì kan kúrò ní ibùso yìí lọ́dún tó kọjá torí ohun kan náà! Ìtìjú dí mi lẹ́nu. Mo ní kó lọ sinmi. Kò jẹun alẹ́, ó ní inú òun kún.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo sọ fún ara mi pé tí mo bá ń nu bàtà ẹ̀, mo máa sọ ọ́. Mo nu ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo nu ti òsì, mo tún padà sí ọ̀tún tó ti mọ́. Ó jókòó lórí ẹṣin, ètè ẹ̀ funfun.

"Jẹ́jẹ́."

"Mà?"

Ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi. Mo ní, "Okùn fìlà ẹ ti tú. So ó."

Agogo lù. Ó wọlé.

Ó dúró dáadáa nígbà àkọ́kọ́, mo mí. Ó yí dáadáa. Ó wá ń bọ̀ níbi C, mo rí bí Jẹ́jẹ́ ṣe gan pa, gbogbo ara ló fi di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, ọmọ ọ̀hún ò tiẹ̀ mí. Adúmáadán gbéra níwájú onídàájọ́ gan-an, pẹ̀lú ayọ̀, bí ọmọ tó mọ ìdáhùn kí olùkọ́ tó bi í. Onídàájọ́ kọ nǹkan sínú ìwé. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ẹṣin tún dúró kí Jẹ́jẹ́ tó ní kó dúró. Máàkì mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n pè.

Ibi tí a so ẹṣin mọ́ ni Màmá Apòògùn ti bá wa. Jẹ́jẹ́ ń tú gàárì, kò gbójú sókè.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹsẹ̀ mi ni. Kì í ṣe ẹ̀bi Adúmáadán rárá. Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀."

Màmá Apòògùn mú fóònù jáde nínú báàgì. Ó ń wá nọ́ńbà. Bàbá Koríko wò mí, ó wo ilẹ̀.

"Irọ́ ni," mo ní. Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni. Àárọ̀ mọ́kànlá ni mo fi gun ìdánwò yẹn látòkèdélẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ẹṣin kó má dúró gbàṣẹ."

Màmá Apòògùn dá fóònù padà sínú báàgì.

"Mi ò tà á mọ́," ó ní. "Ẹṣin ò jẹ̀bi, ọmọ yìí náà ò jẹ̀bi. Àmọ́ Adúmáadán ò ní padà sọ́dọ̀ yín, Olùkọ́. Ibùso kan wà nítòsí ilé mi. Ibẹ̀ ló máa wà láti òní lọ, ọmọ yìí á sì máa gùn ún níbẹ̀, tó bá fẹ́."

Mo fẹ́ bínú. Ìbínú tí kì í jìnnà sí mi rí, mo wá a, mi ò rí i. Mo yíjú sí Jẹ́jẹ́ pé kó sọ nǹkan. Ó gbé gàárì lé apá, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo ojú tí kò mọ̀ dáadáa.

"Àǹtí, ká ní a gba márùndínláàádọ́rin yẹn, ṣé ẹ̀ bá ti sọ fún mi?"

Mo wá irọ́ kan tí mo lè pa, mo sì fi í sílẹ̀.

"Mi ò ní sọ," mo ní.

Ó mi orí. Ó yí padà, ó sì bi Màmá Apòògùn pé aago mélòó ni wọ́n ń ṣí ibùso ọ̀hún láàárọ̀.