Tokuji Tún Iná Ọkọ̀ Ṣe Fúnra Rẹ̀

4

…nítorí náà ó ti ilẹ̀kùn abà mọ́rí lọ́sàn-án gangan kí ibẹ̀ lè ṣókùnkùn, ó tan iná ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀ sí ògiri, ó ní, "Ta ló tún kù?"

(Èmi ni Tokuji yẹn. Mo ń pe ara mi ní "ó" torí ojú ń tì mí.)

5

ÌWÉ TÓ LẸ̀ MỌ́ ÒGIRI ABÀ

— Táyà: afẹ́fẹ́ pé.
— Ilẹ̀: ó tẹ́jú. Ìgò omi ni mo fi wò ó.
— Ògiri: mítà mẹ́ta. Téèpù pupa síbi tí iná gbọ́dọ̀ mọ.
— Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ: kò sí.

6

FÓÒNÙ. Chizuru, ọmọ rẹ̀ obìnrin, láti ìlú Nagaoka.

CHIZURU: Bàbá, ẹ gbé ọkọ̀ fún mẹkáníìkì.
TOKUJI: Kó wá kọ́ mi ní kí ni? Mo ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ẹ̀.
CHIZURU: Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ó dáa. Bí ọkọ̀ bá yege àyẹ̀wò ìjọba lọ́la, n ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bí kò bá yege, kọ́kọ́rọ́ dọwọ́ mi.
TOKUJI: Ó parí.

7

Ó ń sọ "ó parí" bí ẹni pé kì í ṣe ọkọ̀ yẹn ló ń gbé e dé oko àti ibojì ìyàwó rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ò wọ abúlé wọn mọ́. Ẹ̀rù bà á gidi.

9

(Mo ya 8 dànù. Mo ń ṣe fọ́ńté níbẹ̀.)

ILÉ ÀYẸ̀WÒ, ÌYÍPO KÌÍNÍ

Bíréèkì ○ (ó yege)
Èéfín ○
Iná iwájú × (ó kùnà)

10

OLÙYẸ̀WÒ: Bàbá, ilẹ̀ ni iná yín ń wò.
TOKUJI: Ẹ̀rọ yín ló bàjẹ́.
OLÙYẸ̀WÒ: Ṣé ẹnìkan jókòó síbi dírẹ́bà nígbà tẹ́ ẹ ń tún un ṣe? Ṣé ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣófo?
TOKUJI: Ó ṣófo kẹ̀!

11

Àpò ìrẹsì mẹ́wàá. Ọgbọ̀n kílò lọ́kọ̀ọ̀kan.

12

Ìrẹsì tuntun ni, tó máa ń pín fún ẹbí lẹ́yìn ìkórè. Ẹrù tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, imú ọkọ̀ gbé sókè, Tokuji wá rẹ iná sílẹ̀ kó lè bá téèpù mu. Láàárọ̀ yìí ó sọ ẹrù kalẹ̀, imú wálẹ̀, iná bá a wálẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni ọlọ́gbọ́n! Ó wọn ilẹ̀, ó wọn ògiri, kò bojú wẹ̀yìn.

13

ÌYÍPO KEJÌ (ó fojú bù ú): ×

Iná ń wo ojú ọ̀run. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ń gbà fún ènìyàn, ìwé ọkọ̀ á sì kú lónìí.

14

ÀTẸ̀JÍṢẸ́ LÓRÍ FÓÒNÙ

~~Ọkọ̀ ti yege~~
~~Ẹ̀rọ wọn kò~~
Chizuru, ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Mo nílò ẹni tó máa jókòó sípò mi.

15

Ògiri ilé oúnjẹ kan tí òjìji bò, lódìkejì títì. Chizuru ti dé, ó jókòó síbi dírẹ́bà.

CHIZURU: Ṣé ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ kó kùnà?
TOKUJI: Mo mọ̀. Má mira.
CHIZURU: Ẹ rẹ tòsì sílẹ̀ díẹ̀. Ó kù. Ẹ dúró! Ó ti tó.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

CHIZURU: Ó yá, ẹ wọlé kẹ́ ẹ wà á lọ.
TOKUJI: (ó ń fi apá aṣọ nu iná iwájú)
CHIZURU: Bàbá?
TOKUJI: Ìwọ lo jókòó nígbà tá a wọ̀n ọ́n. Bí mo bá bọ́ síbẹ̀, ó lè yẹ̀. Ìwọ ni kó o wà á wọlé.

16

Ó wà á dáadáa. (Ẹ má sọ fún un.) Tokuji dúró lẹ́yìn ìlà tí wọ́n fi ọ̀dà fà, ọwọ́ nínú àpò, kọ́kọ́rọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́.

ÌYÍPO KẸTA (wọ́n ṣì ń wò ó)

Iná iwájú