Méjìlá Tó Kù

Ojú ti ń ti Rangel kó tó bọ́ kóòtù. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni, ikùn rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ṣòkòtò péńpé tó wọ̀, ìgbà tó wà ní ṣọ́jà ló ti rà á, ó sì há mọ́ ọn débi pé bó bá tẹ̀ báyìí, ó lè ya nídìí.

Ta ló ránṣẹ́ pè é? Velina ni, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ogún ọdún ni Rangel fi wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Plovdiv ní Bùlgáríà lọ sí Jámánì àti Túrkì, irọ́ ló sì fi ń tọ́ ọmọ náà láti ọ̀nà jíjìn. "Mo ti dé ẹnubodè, màá bá ẹ gé kéèkì," bẹ́ẹ̀ ilé ọtí ló jókòó sí ní Edirne ní Túrkì. Ọmọ dàgbà, ó gbọ́n, ó dákẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko, ọjọ́ tí wọ́n máa ń ṣàjọyọ̀ orúkọ bàbá rẹ̀ lọ́dọọdún nìkan ló ń pè é, kò sì ní lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tó ṣàdédé pè: "Bàbá, èmi ni mo ń kọ́ àwọn ẹni tuntun ní eré ìdárayá gbígbóná kan báyìí. Sátidé, aago mẹ́wàá. Ẹ wá." Rangel ò bi í léèrè nǹkan kan. Ká ní ó ní kó wá gun òkè Musala láìwọ bàtà, yóò lọ. Ohun tó ń wá kò ju kí ọmọ rẹ̀ tún fojú bàbá wò ó.

Inú ilé tí wọ́n ń kó tábà sí láyé ijọ́un ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn mẹ́sàn-án ló pé síbẹ̀, ọ̀dọ́ ló pọ̀ nínú wọn, àfi obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin kan, Minka, tó ti fẹ̀yìn tì nílé ìfìwéránṣẹ́. Òun ló kọ́kọ́ kí i.

"Àbúrò, ṣé ìgbà àkọ́kọ́ ẹ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ọlọ́run ò gbàgbé mi. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún mi rè é, èmi ni mo sì máa ń kẹ́yìn. Gbogbo wọn á wá rọ̀gbà yí mi ká, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún mi bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Lónìí, mo ti rí ẹni tí màá fi sẹ́yìn." Ó wo ikùn Rangel tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Má bínú o."

Rangel bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà gún un. Kí ìyá yìí fi òun sẹ́yìn? Níwájú Velina?

Velina pàtẹ́wọ́. "Kí kálukú gbé irin wúwo kan sáré dé géètì, kó padà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdojúbolẹ̀ ogójì. Ẹ sùn kí àyà yín kan ilẹ̀, ẹ dìde, ẹ fò sókè, ẹ pàtẹ́wọ́ lókè orí. Tí àyà ò bá kan ilẹ̀, kò sí lára iye. Ẹni tó bá parí kó pariwo 'Àkókò!', màá kọ ọ́ sí pátákó. Kálukú ló ń ka tiẹ̀ o, mi ò ní ṣọ́ ẹnikẹ́ni. A kì í sì í lọ sílé àfi tí ẹni ìkẹyìn bá parí."

Eré àkọ́kọ́, Rangel ṣe bí ọkùnrin. Nígbà kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Nígbà kẹta, ó gbé irin náà mọ́ àyà, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ìgbà tó kọ́kọ́ dojú bolẹ̀, ilẹ̀ náà dùn mọ́ ọn, ì bá máa gbébẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún, bánítsà, búrẹ́dì oníwàràkàṣì tó jẹ láàárọ̀, ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun jáde. Ní ìkejìdínlọ́gbọ̀n, ó gbórí sókè, ó rí i pé òun àti Minka nìkan ló kù.

"Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n," Minka ń sọ lábẹ́lẹ̀, "mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

Àwọn tó ti parí ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, àtẹ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀, Velina náà ń bọ̀ tòun ti bírò pátákó. Rangel dìde, ó fò sókè, ó lọgun: "Àkókò!"

Ojú Velina là. Láti jẹ́lé-ó-sinmi, kò wo bàbá rẹ̀ báyẹn rí. "Bàbá! Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún!" Ó sáré lọ kọ ọ́.

Ni gbogbo wọn bá yí Minka ká. Obìnrin náà wo Rangel fìrí, ó tún dojú bolẹ̀. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un: ó ku márùn-ún, ó ku mẹ́rin! Rangel náà ń pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́ o, ó ń pàtẹ́wọ́! Ojú tó nípọn báyẹn, irú ọbẹ wo ló lè gé e?

Nígbà tí Minka parí, ó wá bá a níbi tó jókòó sí. "O kú iṣẹ́, àbúrò."

Rangel ò lè wo ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mo..."

"Mo mọ̀. Méjìdínlọ́gbọ̀n lo ṣe. Ogójì ọdún ni mo fi ka sítáǹbù, etí mi ń ka ohun tí ojú mi ò wò." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Má sọ fún ọmọ ẹ o. Láti àárọ̀ ló ti ń wí fún wa pé bàbá òun ń bọ̀. Kíkẹ́yìn ò pa mí rí, kò ní pa mí lónìí."

Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn. Rangel wá ilẹ̀ tí yóò lanu gbé e mì, kò rí. Ojú tí Velina fi wò ó yẹn, ọdún mẹ́ta ló ti ń wá a, ó sì ti rí i báyìí. Kó ṣáà panu mọ́ ni. Àmọ́ bó bá panu mọ́, ilé ọtí Edirne náà ló tún jókòó sí yẹn.

Ó dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu orúkọ rẹ̀ àti ìṣẹ́jú tó wà níwájú rẹ̀ kúrò lójú pátákó.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ṣe. Irọ́ ni mo pa. Ó ku méjìlá."

Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í tún okùn bàtà tí kò tú dè. Velina fajú ro, Rangel sì mọ ìfajúro yẹn dáadáa. Ó ń retí kó ní kóun máa lọ sílé.

"Aago ò tíì dúró," Velina ní. "Ẹ dojú bolẹ̀."

Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Velina dúró tì í, òun fúnra rẹ̀ ló ń kà á. "Ení. Èjì. Ẹ̀ta." Ní ìkẹjọ, àyà Rangel ò dé ilẹ̀.

"Ìyẹn ò sí lára iye. Ẹ tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Omi ń ti imú àti ojú rẹ̀ jáde, kò mọ èyí tó jẹ́ òógùn. Nígbà tó pé méjìlá, Velina kọ orúkọ rẹ̀ àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì sábẹ́ ti Minka, nísàlẹ̀ pátápátá. Kò rẹ́rìn-ín.

"Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá," ló wí. "Ẹ má jẹ bánítsà wá."

Rangel fẹ̀yìn ti pátákó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Minka ti yọ fóònù, ó fẹ́ ya àwòrán tí yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò rẹ̀ ní Varna.

"Àbúrò, jọ̀ọ́ sún díẹ̀, o bo orúkọ ẹ. Tí wọn ò bá rí ẹni tó wà lábẹ́ mi, wọn ò ní gbà pé èmi kọ́ ni mo kẹ́yìn."

Rangel sún.