Ìyàwó Ilé Nínú Eré Àdíját

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún Nusrat pé kò mọ ìtàn kọ, ìjà dé. Ó mọ̀ ọ́n kọ o. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé àwọn èèyàn inú ìtàn rẹ̀ máa ń gbẹ bíi pańla. Ìdí nìyẹn tó fi ń lọ sọ́dọ̀ Àdíját lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lókè ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Ìdúmọ̀tà, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé mélòó kan ti máa ń ṣeré.

Eré náà kò le. Òǹkọ̀wé á di ẹni tó ń kọ ìtàn rẹ̀, á máa sọ̀rọ̀ bí onítọ̀hún. Àwọn yòókù á di ẹbí rẹ̀. Wọ́n á ju dáìsì lúdò. Bó bá já sí ẹẹ́fà, wọ́n á bi í ní ìbéèrè tí kò gbọ́dọ̀ parọ́ sí.

"Ohun tó bá jáde lẹ́nu yín lójijì," Àdíját á wí, "òun ni kẹ́ ẹ lọ kọ."

Mariyah ni Nusrat máa ń ṣe, ìyàwó ilé kan tí ọkọ rẹ̀ ń lù. Mariyah wo? Àṣàbí ni, ìyàwó Mùs'áb, ẹ̀gbọ́n Nusrat ọkùnrin. Inú agboolé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Mùs'áb á lù ú, àwọn àgbà á ní kó ṣe sùúrù. Nusrat nìkan ni Àṣàbí finú hàn: láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí Mùs'áb bá ti jáde, òun á gbé ọmọ òun lọ bá ẹ̀gbọ́n òun l'Ábẹ́òkúta. Ẹ̀rí ọkàn ń da Nusrat láàmú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń tan ara rẹ̀ pé òun ti yí orúkọ padà, àti pé àwọn tó ń gbọ́ kò mọ Àṣàbí rí.

Lọ́jọ́ Àìkú yìí, Jíbrílù, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, bá a wá, torí wọ́n jọ ti òde ìsọmọlórúkọ kan bọ̀. Àwọn òṣèré kò pé.

"Bọ̀dá, ẹ jókòó jàre," Àdíját ní, "kẹ́ ẹ bá wa ṣe àbúrò ọkọ."

Jíbrílù rẹ́rìn-ín, ó jókòó. "Ìyàwó wa, oúnjẹ ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ o, Eyínfúnjowó mi," Nusrat dáhùn. "Ẹ má bínú."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Jíbrílù. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Orúkọ tó bá wù ú ló máa ń sọ kálukú. Láyé yìí, Àṣàbí nìkan ló ń pe Jíbrílù ní Eyínfúnjowó. Nusrat kò fura rárá. Inú rẹ̀ ń dùn pé Mariyah ti di èèyàn.

Jíbrílù ju dáìsì. Ẹẹ́fà.

"Ìyàwó wa," ó rọra bi í, "kí ló wà lọ́kàn yín tẹ́ ẹ ò sọ fún wa?"

Ibi tó yẹ kí ọlọ́gbọ́n ti dákẹ́ ni Nusrat ti fọhùn. Omijé tiẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀. "Lọ́la ni mò ń lọ. Tí ọkọ mi bá ti jáde báyìí, mo ti gbé ọmọ mi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ń retí mi l'Ábẹ́òkúta. Mi ò lè kú síbí."

Àdíját pàtẹ́wọ́. Jíbrílù dìde, ó ní òun ń bọ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀.

Ìgbà tí kò padà ni Nusrat tó rántí orúkọ tó fi pè é. Ó sáré gba ọ̀nà ilé, ó ń pe fóònù Àṣàbí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, ó ti fọ́ nìyẹn.

Pálọ̀ ti kún nígbà tó wọlé. Wọ́n ti tú báàgì Àṣàbí sílẹ̀. Aṣọ ọmọ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Alhaja, ìyá wọn, gbé ọmọ náà sórí ẹsẹ̀, ó dì í mú. Mùs'áb jókòó tì í.

"Máa bọ̀, ọmọ mi," Alhaja ní. "Jíbrílù ti sọ bó o ṣe ta á lólobó. Ọlọ́run á ṣe ẹ́ lóore. Ìwọ lo gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ là."

Kí ni Nusrat fẹ́ sọ? Pé eré ni? Pé òun ti ń fi ìyà obìnrin yìí ṣeré láti ọjọ́ yìí wá, táwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún òun? Ojú tì í, ó mọ̀ pé òun jẹ̀bi pátápátá.

"Ìwọ náà," Alhaja sọ fún Àṣàbí, "dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọkọ rẹ."

Àṣàbí kúnlẹ̀ níwájú Nusrat, ó wò ó lójú.

"Ẹ ṣé, mà," ó ní. "Ẹ ṣé gan-an ni."