Ibi Tí Ìbéèrè Ti Máa Wá

"Iléṣà, ẹnì kan ṣoṣo! Ẹnì kan ló kù ká gbéra!"

Bí dẹ́rẹ́bà ṣe ń pariwo yìí ni Kifayat fa ewé tó gbẹ̀yìn nínú nóòtù Báyọ́lọ́jì ya. Ó rún un mọ́wọ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ta ló tiẹ̀ ń wò ó? Obìnrin tó jókòó tì í ti sùn lọ fọnfọn.

Nóòtù náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti Ìbùkúnolúwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Láti ìgbà tí ibà taifọ́ìdì ti dá Ìbùkún dùbúlẹ̀, tí wọ́n gbé e kúrò lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ọ̀fàtẹ̀dó lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ìwàrà, Kifayat ló ń kọ nóòtù fún àwọn méjèèjì. Bó bá kọ tirẹ̀ tán ní kíláàsì, á délé, á tún kọ ti Ìbùkún. Kì í sì í ṣe ìkọkúkọ o. Bí agùnbánirọ̀ kan ṣe kọ́ wọn ló ń ṣe é: á fi rúlà la ojú ìwé, ìbéèrè á wà lápá òsì, àlàyé á wà lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀ á wá fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní gbólóhùn méjì. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ó kàn fẹ́ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n lánàá, Ọ̀gbẹ́ni Oyèbọ̀dé, tíṣà wọn, fún wọn ní éríà, ìyẹn orí ẹ̀kọ́ tí ìbéèrè ìdánwò ọjọ́ Ajé ti máa wá. Mẹ́ta péré nínú iṣẹ́ odidi táàmù: kíndìnrín, ojú àti ọpọlọ. Kifayat kọ ọ́ sínú tirẹ̀, ó kọ ọ́ sí ewé tó gbẹ̀yìn nínú ti Ìbùkún. Àfi bí tíṣà ṣe tún lanu tó ní ẹni tó bá gba ipò kìíní, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ máa bá a san owó WAEC lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ bá yí padà. Bàbá Kifayat, tó ń rán bàtà ní Òṣogbo, ti sọ ọ́ gbangba pé òun ò lè san ti ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mukhtar ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣe é, kí Kifayat jókòó sílé dúró. Bẹ́ẹ̀, láti JSS1, ta ló ń gba ipò kìíní? Ìbùkún ni. Ta ló ń ṣe ipò kejì? Ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Bí ọkọ̀ ṣe já sójú ọ̀nà gbalasa, ó ju ewé náà síta láti ojú fèrèsé, atẹ́gùn sì gbé e wọ igbó. Ó rò pé ọkàn òun á balẹ̀. Ó tì o. "Nóòtù ni mo ṣèlérí, nóòtù ni mo gbé wá," ló ń sọ nínú ara rẹ̀. "Éríà kì í ṣe nóòtù." Àwíjàre lásán. A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn, Kifayat sì ti fi tirẹ̀ síbẹ̀. Ó ń ṣí nóòtù, ó ń pa á dé, ó ń sún síwá, ó ń sún sẹ́yìn, títí obìnrin olóorun fi jí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èèrà ló wà nídìí rẹ ni? Jókòó jẹ́ẹ́ jàre!"

Ó gun ọ̀kadà láti Iléṣà dé Ìwàrà. Ìyá Ìbùkún ń fi ẹsẹ̀ da kòkó tó sá sórí ẹní nígbà tó rí i.

"Haà, Kífà! Wọlé, ọmọ mi. Ulé rẹ nìyí o."

Kifayat kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ara Ìbùkún ńkọ́?"

"A dúpẹ́, ó ti lè lọ ṣe ìdánwò ọjọ́ Ajé. Fóònù rẹ̀ la tà mọ́ owó ọsibítù, òun ló ń bínú sí. Bí o ṣe ń ṣe tọmọ mi yìí, Ọlọ́run á bá ọ ṣe tìẹ."

Kifayat dìde, ó ń rò ó lọ. Kò sí fóònù mọ́. A jẹ́ pé kò sí ẹnu mìíràn tí Ìbùkún ti lè gbọ́ éríà.

Ìbùkún ti rù, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ṣùgbọ́n ibà ò rí ẹnu rẹ̀ gbé ṣe. Òṣómàáló ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì, bí àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ ayé àtijọ́ tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, nítorí bó bá béèrè ọ̀rọ̀, kì í dìde àfi tó bá gba ìdáhùn.

"Ṣé Ọ̀gbẹ́ni Oyèbọ̀dé ti fún yín ní éríà?"

"Kò tíì fún wa."

Irọ́ náà rọrùn lẹ́nu ju bó ṣe rò lọ. Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á.

"Ká yáa ka gbogbo rẹ̀ nìyẹn."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìbùkún á ka ìbéèrè, á dáhùn, á bẹ àlàyé wò. Ó rẹ̀ ẹ́ kíá. Nígbà tó kan kíndìnrín, ó ka ojú ìwé rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Èyí gùn jù. Ojú ti ń ro mí. Ká fò ó, Kífà."

Kifayat ò ní ohunkóhun-ín ṣe. Kó ṣáà dákẹ́ ni. Ìka Ìbùkún ti wà lábẹ́ ewé tó fẹ́ ṣí kọjá. Níta, ìyá rẹ̀ ń da kòkó, ó ń kọrin ìyìn fún Ọlọ́run tó dá ọmọ rẹ̀ sí.

"Má fò ó."

"Nítorí kí ni?"

"Mo ní má fò ó!"

"Ṣé kò sí o?" ìyá béèrè láti ìta.

"Kò sí, mà."

Kifayat bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní kí Ìbùkún rò ó bí ẹni ń sẹ́ ògì, kí ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ògì, kí kíndìnrín jẹ́ ajọ̀. Ìbùkún ní bí ṣúgà bá bá omi kọjá lára ajọ̀, kí ló dé tí kì í bá ìtọ̀ jáde? Kifayat rò ó, ó ní ara tún ń fa èyí tó wúlò padà kó tó dé àpòòtọ̀. Bó ṣe parí, ó ṣí ewé púpọ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, ó dúró sórí ẹ̀kọ́ nípa ojú.

"Èyí náà, má fò ó."

Ìbùkún ò wo ìwé mọ́. Kifayat ló ń wò.

"Ó ti fún yín."

"Lánàá." Omi ti lé sí Kifayat lójú. "Owó WAEC ni, Ìbùkún. Ẹni tó bá ṣe kìíní ni wọ́n máa san án fún. Bàbá mi ò lè san tèmi. Mo ya ewé éríà dànù lọ́nà."

Ìbùkún ti nóòtù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Inú ń bí mi sí ọ."

"Mo mọ̀."

"Á ṣì máa bí mi di ọjọ́ Ajé." Ó fa nóòtù mọ́ra. "Èwo ni ìkẹta?"

"Ọpọlọ."

"Ṣàlàyé rẹ̀."

Kifayat fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ń sọ ọ́. Ó mọ̀ pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ẹnu ara òun lòun fi ń gbé owó WAEC òun fún ẹlòmíràn yìí. Ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀ rárá. Síbẹ̀, nígbà tí Ìbùkún mi orí pé kò tíì yé òun, ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.