Aṣọ Ara Wáyà

Ọwọ́ Ìyá Télọ̀ ti wà lórí ìkọ́ ilẹ̀kùn wáyà, ṣùgbọ́n kò lè ṣí i. Ó fi ọwọ́ kejì di rúlà onígi tí ó fi ń wọn aṣọ mú gírígírí, bí ẹni tí olè wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Akọ pẹ́pẹ́yẹ ló wà lẹ́yìn wáyà náà, ó sì tóbi. Káfíńtà, ọkọ ọmọ rẹ̀, ló gbé e wá lọ́jọ́ méje sẹ́yìn, kí ẹyin àwọn abo mẹ́ta tí Ìyá ń sìn lè máa di ọmọ. Òun náà ló ta wáyà sáàárín ẹ̀yìnkùlé, tí ó ní kí akọ wà lápá kan, kí àwọn abo wà lápá kejì títí ọ̀sẹ̀ kan yóò fi pé. Ìyá Télọ̀ gbà. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti rán àjákù aṣọ pọ̀, ó sì fi bo wáyà náà látòkè délẹ̀. Kò fẹ́ kí ojú akọ náà máa wà lára àwọn abo tí ó fi ṣe ọmọ.

Akọ tí ó ní kẹ́yìn ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Inú báàfù omi ló ti gun abo kékeré kan, ó fẹnu di í lọ́rùn mú, nígbà tí Ìyá yóò fi sáré dé láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, omi ti pa abo náà. Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí pẹ́pẹ́yẹ. Ọkọ tí ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹni ire, ọwọ́ ẹni ire yẹn náà ló yọ eyín iwájú ọmọ ọlọ́mọ. Káfíńtà tí ó wá fẹ́ báyìí ti bá wọn gbé fún oṣù mẹ́ta, kò sì gbé ohùn sókè rí. Síbẹ̀, bí ilẹ̀kùn yàrá wọn bá ti dún báyìí, Ìyá a dá ẹ̀rọ dúró, a sì tẹ́tí.

"Ìyá, ṣé kí n bá yín ṣí i?" Káfíńtà bi í láti ẹ̀yìn.

"Dúró síbẹ̀ jàre!"

Ó dúró síbẹ̀.

Ìyá ṣí ilẹ̀kùn. Akọ náà yọrí, ó gbé ẹsẹ̀ méjì. Arọ, abo tó ń tiro, ni Ìyá tẹjú mọ́. Bí akọ náà bá fẹnu kan Arọ pẹ́nrẹ́n, òní ni yóò kú. Lójijì, ariwo sọ, ìyẹ́ ń fò káàkiri.

"Ó ti ń pa á! Yéè, ó ti ń pa á o!"

"Ìyá, òun ni wọ́n ń lù."

Ìyá wò ó dáadáa. Òótọ́ ni. Àwọn abo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti há akọ náà mọ́ igun ògiri. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ń ṣá a lórí, àní Arọ tí à ń káàánú, òun ló fẹnu fa ìyẹ́ apá rẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ ti ń kán sójú ẹran ńlá náà. Kò jà, orí ló ń fi wá ibi tí yóò gbà nínú ògiri.

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Aṣọ yẹn ni, Ìyá. Ó yẹ kí wọ́n ti máa rí ara wọn láti ẹ̀yìn wáyà. Àjèjì ló ṣì jẹ́ lójú wọn."

"O mọ̀, o wá dákẹ́ láti ọjọ́ méje?"

Káfíńtà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Àánú akọ náà ṣe Ìyá Télọ̀. Ó yí padà wìrì, ó na rúlà sókè láti fi lé àwọn abo náà. Nǹkan sún ní ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Káfíńtà ni, gìrìpá ọkùnrin tí í bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọlé. Ó ti ká kò, ó fi apá méjèèjì bo ojú.

Ìyá ju rúlà sílẹ̀. Ọwọ́ lásán ló fi tú àwọn abo náà ká, ó sì gbé akọ mọ́ra. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ẹ̀rù ọkùnrin yìí ti ń bà á. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ẹ̀rù tirẹ̀ náà ń ba ọkùnrin ọ̀hún. Ojú tì í gidigidi.

"Ìwọ kọ́ ni mo fẹ́ nà," ó sọ fún un jẹ́jẹ́.

"Mo mọ̀, Ìyá."

Ṣùgbọ́n kò tètè sọ apá rẹ̀ kalẹ̀.