Ẹ̀wù Funfun Dókítà

"Ṣé o tiẹ̀ ń wẹ̀?"

Ìbéèrè tí dókítà bi afọṣọ ilé ìwòsàn nìyẹn, létí gbogbo aboyún tó jókòó síta. Dókítà kì í pa ilẹ̀kùn dé nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ ọgbọ́n.

Afọṣọ wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí ọṣẹ ti bó láwọ. Òun ló ń fọ ẹ̀wù funfun tó wà lọ́rùn ọ̀gbẹ́ni yìí, òun ló ń lọ̀ ọ́ títí eṣinṣin tó bá bà lé e yóò fi yọ̀ ṣubú.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni mò ń wẹ̀, sà. Ó ń yún mi ni. Nǹkan funfun sì ń jáde, bíi wàrà tó dì."

"Àìmọ́tótó! Ẹ̀yin obìnrin yìí!"

Agbẹ̀bí àgbà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kò rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe ìdọ̀tí, sà. Irú ìwúkàrà kan ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oyún méjì ló ti bọ́ lára ọmọ yìí, òwú la fi rán ẹnu ilé ọmọ rẹ̀ kí ẹ̀kẹta má baà bọ́. Bí nǹkan yìí bá gba ojú òwú gòkè, awọ tó bo ọmọ inú rẹ̀ ló máa wọ̀."

"Ìwúkàrà kẹ̀? Màmá, ṣé búrẹ́dì ló lóyún ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Agbẹ̀bí na ìwé tí wọ́n máa fi ṣe àyẹ̀wò nǹkan náà sí i pé kó fọwọ́ sí i. Àfi fèrè ọkọ̀ níta: àwọn àlejò tó wá wo ilé ìwòsàn ti dé, ayàwòrán ń bẹ lẹ́yìn wọn. Dókítà ká ìwé náà sápò àyà, ó sáré lọ rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó bọ́ ẹ̀wù ọ̀hún, èyí tí wọ́n fi òwú búlúù kọ orúkọ rẹ̀ sí, ó fi kọ́ de àlejò mìíràn kí ó má baà dọ̀tí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni agbẹ̀bí béèrè ìwé. "Mo ti fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò tipẹ́," ni dókítà ń wí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, omi ọmọ já. Oyún oṣù mẹ́fà. Ọmọ náà ké lẹ́ẹ̀kan péré. Àmì funfun wẹ́wẹ́ wà lára ìwọ́ rẹ̀ àti lára awọ tó bò ó, bí ẹni wọ́n iyọ̀ sí i. Dókítà kọ ọ́ sínú fáìlì pé: *Àìmọ́tótó ìyá.*

Nígbà tí afọṣọ padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀wù tí dókítà fi ń pàdé àlejò ló wà lókè òkìtì aṣọ. Ó tú àpò rẹ̀ kí omi tó kàn án, bó ṣe máa ń ṣe. Súwíìtì kan. Ọmọrí bírò. Ìwé kíká kan. Ó tú u: orúkọ ara rẹ̀ ló rí. Ojú ibi ìfọwọ́sí ṣófo.

Ó fọ ẹ̀wù náà, ó lọ̀ ọ́, ó gbé e gba àárín àwọn aboyún kọjá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì dókítà, ó sì fi ìwé náà lé àyà ẹ̀wù ọ̀hún.

"Ẹ̀n-ẹ́n, ṣé ó mọ́ dáadáa?" ni dókítà wí láìgbójú sókè. "Àlejò ń bọ̀ lọ́la."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọ̀ ọ́, sà," ni afọṣọ wí, ohùn rẹ̀ sì dé ìta. "Kò mọ́."

Dókítà rí ìwé náà. Ó fò dìde, ó fẹ́ pa ilẹ̀kùn dé.

Agbẹ̀bí àgbà ti fi ẹsẹ̀ dí i.