Onígbàjámọ̀ àti Aláàmù Létí Adágún

Ẹnu onígbàjámọ̀ yìí kì í sinmi. Bó bá ń gẹ irun rẹ, kó tó dé ìpàkọ́, ó ti ro ẹjọ́ ilé ìyá rẹ̀ tán, ó ti bọ́ sí ti ilé ìyá tìrẹ. Ohun tó jẹ́ kí bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fárí gá nìyẹn. Káfíńtà ni bàbá, ó fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ṣúgà, ó sì ní òun ò lè fi ọmọ òun fún rédíò.

Ọmọbìnrin náà bẹ̀ ẹ́ títí. Bàbá wá ní kí onígbàjámọ̀ bá òun lọ sí adágún tí òun ti ń fi ìwọ̀ mú káàpù, ẹja ńlá onípẹ́ẹ́ gbàǹgbà. Bí gbólóhùn kan bá jáde lẹ́nu rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, kó wá ìyàwó lọ síbòmíì.

Onígbàjámọ̀ gba ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ẹja pípa lọ, ó ní òun fẹ́ aláàmù tí wọ́n ń gbé okùn ìwọ̀ lé, tó ń sọ fúnni bí ẹja bá fà á. Ọlọ́jà fi èyí tó ń tanná lásán hàn án, ó fi èyí tó ń gbọ̀n nínú àpò hàn án. Ó ní òun ò fẹ́, èyí tó lóhùn jù ni kí wọ́n mú wá. Ọlọ́jà kìlọ̀ fún un pé kó má yí etí ẹ̀rọ náà, tí wọ́n fi ń gbé ohùn rẹ̀ sókè, kọjá ìdajì. Ó gbọ́, ó dúpẹ́, ó dé etí omi, ó yí i dópin.

Atẹ́gùn fẹ́, aláàmù ké. Ewé jábọ́ lórí okùn, ó ké. Pẹ́pẹ́yẹ kọjá jẹ́jẹ́ tirẹ̀, ó figbe ta.

Bàbá ní, "Ìwọ dákẹ́, o wá lọ gbé ẹnu kọ́ orí ọ̀pá ìwọ̀."

Onígbàjámọ̀ fi ìdọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó yí etí aláàmù wálẹ̀ pátápátá. Bí erin bá fa okùn báyìí, kò ní ké.

Igi pẹlẹbẹ kan tí bàbá fọwọ́ gbẹ́ ló so rọ̀ sórí okùn tirẹ̀. Bí ẹja bá mú ìjẹ, igi á gòkè. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀pá òun. Oòrùn ọ̀sán wá mú un, ó sùn lọ lórí àga.

Igi gòkè.

Onígbàjámọ̀ la ẹnu, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Ó fọwọ́ tọ́ bàbá léjìká, bàbá gbá a dànù bí eṣinṣin. Ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sínú omi. Ẹní bá fẹ́ ìyàwó kì í ka ìtìjú: ó sáré yí etí aláàmù rẹ̀ dópin, ó sì fa okùn ara rẹ̀ bí ẹni ń fa ewúrẹ́.

Ariwo náà gbé bàbá dìde. Èébú ti dé ètè rẹ̀ kó tó rí ìdí ọ̀pá rẹ̀ tó ń wọ omi. Àwọn méjèèjì dì í mú, wọ́n bá ẹja jìjàkadì, tòun ti bàtà lonígbàjámọ̀ fi wọ inú omi. Káàpù tí wọ́n fà jáde tóbi ju ọmọ ọdún kan lọ.

Bàbá jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń mí hẹlẹ, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí, ṣé lóòótọ́ lo fẹ́ fẹ́ ọmọ mi?"

Onígbàjámọ̀ wo oòrùn. Kò tíì wọ̀. Ó lọ sídìí ọ̀pá rẹ̀, ó fa okùn, aláàmù han gooro.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Ó tó, àna mi. Sọ̀rọ̀ kó o tó bẹ́."